Ojú-Ìwọ̀n àti Ògiri Tó Ń Làágùn

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí! Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ṣíbí kalẹ̀. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ ní kó dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin akùnlé kan ni, ọ̀rọ̀ ògiri ilé rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí ohun dúdú kan tó hù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ojú-Ìwọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀dà ló sọ ọ́ lórúkọ náà, torí pé kò sí ohun tó wọ́ tí ojú rẹ̀ kò ní rí. Bí wọ́n bá fa ìlà sára ògiri gbọ̀ngàn, á dúró lókèèrè, á di ojú kan, á ní, "Apá ọ̀tún ti rọ̀ díẹ̀." Wọ́n á wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Ó wá di bárakú sí i lára. Bó bá wọ ọ́fíìsì ẹni ẹlẹ́ni, á tún férémù ara ògiri wọn ṣe kó gún kó tó kí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, nọ́ọ̀sì gbé ọmọ fún un, ó wo ọmọ, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, "Ẹ ṣé gan-an, nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n pátákó òkè ilẹ̀kùn yín yẹn, ó wọ́ o." Ìyàwó rẹ̀ ní ká ní òun lókun nínú lọ́jọ́ yẹn ni, bàtà lòun ì bá jù lù ú.

Ìyàwó náà ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ní ìkángun òpópónà wọn. Ìyẹ̀fun kì í tán ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyá Ojú-Ìwọ̀n lẹ́nu, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ìyá kọ́kọ́ wà. Òkè téńté ilé alájà gíga ni ẹ̀gbọ́n yìí ń gbé. Ìyá ò lè sọ̀ kalẹ̀, bó bá sì sọ̀ kalẹ̀, kò ní lè gòkè mọ́. Ojú fèrèsé ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. "Orí pípá àwọn ọkùnrin nìkan ni mò ń rí," ló máa ń wí. Ojú-Ìwọ̀n bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n fi gbé ìyá wá sílé tiẹ̀, níbi tí yàrá ti kan ilẹ̀. Ibí ni ìyá ti padà di èèyàn! Ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé iwájú ilé, á jókòó sórí àga, á máa dá gbogbo ẹni tó ń kọjá lóhùn, àti ẹni tó kí i, àti ẹni tí kò kí i.

Kí ìyá tó dé ni akùnlé wa ti kun yàrá náà ní àwọ̀ inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ó ní ooru ò gbọdọ̀ mú ìyá òun, ó sì ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Yìnyín, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ló ń ṣe, ló bá a gbé e kọ́ sára ògiri, lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Yìnyín ò tíì wọkọ̀ tán tí Ojú-Ìwọ̀n ti gun àkàbà, tó tú síkúrù méjì, tó ti ẹ̀rọ náà díẹ̀ kó lè bá ìlà àjà mu rẹ́gí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ojú kan, ó rẹ́rìn-ín. Ó gún régé.

Kò pẹ́ púpọ̀ ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni. Bí ìyá bá wọ yàrá, á bẹ̀rẹ̀. Bó bá jáde síta, á lọ sílẹ̀. Lálẹ́, àyà rẹ̀ á máa fọn fèrè. Òórùn kan sì wà nínú yàrá náà, òórùn ìkasì bí aṣọ tí wọ́n ká tútù sínú àpótí. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ sílípáàsì ìyá kan sá sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú-Ìwọ̀n fa kọ́bọ́ọ̀dù síwájú díẹ̀ láti wá a, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì pariwo.

Ògiri ti bu! Dúdú kíríkirí, bí ẹni pé wọ́n fi èédú lílọ̀ wọ́n ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tó ń hù bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀mí ń bẹ lára rẹ̀! Kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Èso rẹ̀ kéré débi pé ojú ò lè tó o, inú afẹ́fẹ́ ló ń fò kiri, ní ilé olówó àti ilé tálákà. Ibi tó bá ti rí òkùnkùn àti ọ̀rinrin, ibẹ̀ ló ń pàgọ́ sí. Ó ń jẹ erùku, ó ń jẹ pépà, ó ń jẹ pákó, àní ọ̀dà pàápàá, ó ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sì ń fa èso rẹ̀ símú, bí àyà rẹ̀ ò bá lágbára, ikọ́ ló máa gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó dùn sí: bí kò bá rí omi mu, gbogbo agbára rẹ̀ parí síbẹ̀!

Ojú-Ìwọ̀n ò mọ èyí. Akùnlé ni, kí sì ni akùnlé ń ṣe bó bá rí àbààwọ́n? Ó ń kùn ún ni. Ó fi àkísà gbígbẹ nù ún, ó kùn ún, ó lẹ́wà. Nígbà tó yá, ohun dúdú náà yọjú padà bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Ó tún kùn ún, ó fi ọ̀dà tó ki sí i. Àlejò tún dé. Inú wá bí i, ó lọ gbé ọ̀dà elépo tó ń dán, irú èyí tí wọ́n ń fi kun ọkọ̀ ojú omi, ó ní, "Èyí, òjò ò lè wọ inú rẹ̀." Òótọ́ ló sọ, òjò ò lè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó ti wà nínú ògiri ńkọ́? Ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé!

Ìyàwó rẹ̀ fara ti ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Búrẹ́dì tó bá bu níbi iṣẹ́ wa, ṣé bọ́tà la máa ń fi pa á lójú kó lè ṣeé jẹ?"

"Búrẹ́dì kọ́ nìyí. Ògiri ni."

"Ṣebí bíbu ni bíbu ń jẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹ ò lè ju ògiri fún ajá ni."

Ó dá a lóhùn pé kó lọ yan búrẹ́dì rẹ̀, ó sì tẹ Yìnyín láago. Yìnyín wà nílùú mìíràn, ó ń kọ́ ẹ̀rọ sí ilé ńlá kan.

"Yìnyín, ẹ̀rọ tó o gbé síbí ń dà mí láàmú o!"

"Ó ń tutù àbí kò tutù?"

"Ó ń tutù."

"Ṣé omi ń kán sílẹ̀?"

Ojú-Ìwọ̀n wo ilẹ̀. "Ilẹ̀ gbẹ táútáú."

"Éésì ń tutù, ilẹ̀ sì gbẹ. Kí lo tún fẹ́ kó ṣe fún ẹ, kó máa kọrin? Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀dà rẹ ló ń ṣàìsàn. Tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi pa fóònù. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ gbẹ lóòótọ́ o! Kò sí ẹni tó ronú pé omi lè wà nínú yàrá kó má dé ilẹ̀.

Nígbà tó di àárín ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí ìyá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ohùn rẹ̀ ò sì tíì fẹ̀yìn tì. Bó ṣe wọ yàrá ló dúró, ó fa imú.

"Òórùn kí lèyí?"

"Òórùn ọ̀dà ni, Àǹtí mi."

"Mo mọ òórùn ọ̀dà. Ìkasì ni mò ń gbọ́. Àbúrò, fetí sílẹ̀ dáadáa. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo bá tún gbọ́ òórùn yìí ní yàrá tí ìyá mi ń sùn, mi ò ní bá ẹ jà, mi ò ní bá ẹ pariwo. Ẹrù Màmá ni mo máa dì."

Ìyá gbóhùn sókè látita. "Ẹ ẹ̀ wá bi mí bóyá mo fẹ́ lọ? Àbí èmi náà ti di ẹrù?"

"Màmá, ẹ má bínú. Nítorí yín náà ni."

Nígbà tó lọ tán, ìyá pe ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó fa etí rẹ̀ mọ́ra. "Ọkọ mi, má jẹ́ kí wọ́n gbé mi padà sórí òkè yẹn o. Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orí pípá ti sú mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì húkọ́ sí i. Ojú-Ìwọ̀n ò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i lọ́kàn bí òkúta tó bọ́ sínú kànga.

Ó wá gbèrò ohun kan tí akùnlé nìkan ló lè gbèrò rẹ̀. Bí ohun dúdú ò bá yé hù, ẹ jẹ́ ká kun ìdajì ògiri náà ní àwọ̀ dúdú! Ìsàlẹ̀ á dúdú bí kọfí, òkè á wà ní àwọ̀ ìbẹ́pẹ, ìlà kan gbọọrọ á pààlà láàárín wọn. Ta ló máa rí dúdú lórí dúdú? Ó ra lọ́fíńdà tí wọ́n ń fín sínú yàrá mọ́ ọn. Bó ṣe di Ọjọ́ Ẹtì, ó wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá bá òun di rọ́bà mú.

Rọ́bà tín-ín-rín ni, ó mọ́ gaara bí gíláàsì, omi ló kún inú rẹ̀. Àwọn akùnlé àti àwọn bíríkìlà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ẹnì kan bá di orí kan mú níhìn-ín, tí ẹlòmíì di orí kejì mú lọ́hùn-ún, ibi tí omi bá dúró sí lápá méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọọgba. Ojú lè ṣìnà. Omi kì í ṣìnà!

"Ẹ yára o," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ọwọ́ ń ro mí. Ẹ̀yin àti ògiri yín."

Wọ́n sàmì síhìn-ín, wọ́n sàmì sọ́hùn-ún. Ó na okùn tó fi ẹfun pa, ó ta á mọ́ ògiri: pà! Ìlà funfun jáde. Ojú-Ìwọ̀n fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó di ojú kan.

"Ó wọ́."

"Kí ló wọ́?"

"Ìlà yìí. Apá òsì rọ̀ sílẹ̀."

Wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Okùn tún dún: pà! Orí ìlà àkọ́kọ́ gan-an ló bọ́ sí, kò yẹ̀ rárá. Ó tún wò ó. Ó ṣì wọ́! Òógùn bò ó. Nínú gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ojú rẹ̀ àti omi ò tíì bára wọn jiyàn rí.

"Ó dáa," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "bí omi ò bá parọ́, tí ojú yín náà ò sì parọ́, ẹlẹ́kẹta kan wà níbí tó ń parọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀! Ojú-Ìwọ̀n gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. Ó wo àjà. Ó sáré gun àkàbà, ó na ìwọ̀n láti àjà dé ìlà lápá òsì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sáré gbé àkàbà lọ sápá ọ̀tún, ó nà án níbẹ̀. Wọn ò dọ́gba! Àjà ló wọ́! Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà ni àjà rẹ̀ ti rọ̀ sápá ọ̀tún, ojú rẹ̀ sì ti mọ́ ọn lára débi pé ohun tó gún ló ń rí bí ohun tó wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù wà lókè níbẹ̀, ó bá àjà mu rẹ́gí.

"Yéè!" Ojú-Ìwọ̀n gbé ọwọ́ lérí. "Páìpù omi rẹ̀ wà lápá òsì. Ọ̀tún ló dẹ̀gbẹ́ sí!"

Ẹ rántí ife omi tútù lọ́jọ́ ooru, bó ṣe máa ń làágùn lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin tútù inú ẹ̀rọ yẹn ṣe máa ń làágùn tọ̀sántòru. Abọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba òógùn náà, páìpù á sì kó o jáde síta. Ṣùgbọ́n abọ́ tó dẹ̀gbẹ́ sí ọ̀tún, ṣé omi á wá gun òkè lọ bá páìpù lósì ni? Ó sáré jáde lọ wo ẹnu páìpù lẹ́yìn fèrèsé. Ó gbẹ bí eegun. Aláǹtakùn ti ta àwọ̀n dí i lẹ́nu!

"Omi náà dà?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà tó wọlé padà. Òun náà ti gbàgbé pé ọwọ́ ń ro òun. Wọ́n jọ bojú wo ògiri lábẹ́ igun ọ̀tún ẹ̀rọ náà. Ọ̀dà elépo ti wú kúrò lára ògiri níbẹ̀, ó yọ ikùn bí ìléròrò. Ìyàwó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó mì lègẹ̀lègẹ̀.

"Ẹ wò ó! Ó ti wú bí ìyẹ̀fun tó gba ìwúkàrà!"

Ojú-Ìwọ̀n fi ẹnu ọ̀bẹ gún un. Ṣùùùù! Omi tú jáde, ó bá a lójú, ó bá a láyà, omi dúdú tó ń rùn ìkasì. Ìyàwó fò sẹ́yìn, ó kígbe, ó rẹ́rìn-ín, ó tún kígbe.

"Kí lẹ pa níbẹ̀ yẹn?" ni ìyá ké látita.

"Omi ni, Màmá! Omi ni! Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́!"

Ìyàwó nu ojú. "Ta ló wá gbé ẹ̀rọ yìí wọ́ báyìí? Ṣé Yìnyín ni?"

Ojú-Ìwọ̀n gbé ojú sókè wo ẹ̀rọ náà. Omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. "Yìnyín gbé e dáadáa," ló sọ. "Èmi ni mo tún un ṣe."

"Ẹ tún un ṣe!" Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ tún un ṣe títí ó fi bàjẹ́! Àwọn àgbà mà ti sọ ọ́, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Nígbà tí Yìnyín gbọ́ lórí fóònù, ariwo rẹ̀ kún inú yàrá. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ rọ̀ ọ́ sápá páìpù ni! Díẹ̀ báyìí! Ta ló ní kó o fi ojú ẹwà wo éésì? Pa iná rẹ̀. Yọ ọ́ lára iná pátápátá. Tú síkúrù ìsàlẹ̀. Dá a padà síbi tí mo gbé e sí, kó o da omi ife kan sínú abọ́ rẹ̀, kó o lọ dúró síta."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi omi rọ́bà wọ̀n ọ́n, kò fi ojú wọ̀n ọ́n. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tó wò ó, ẹ̀rọ náà wọ́ lójú rẹ̀ débi pé eyín ń kẹ̀ ọ́n. Ó gbé ojú kúrò. Ó fi igi tín-ín-rín gbá àwọ̀n aláǹtakùn kúrò lẹ́nu páìpù, wọ́n gbé àga ìyá wá sẹ́yìn fèrèsé, gbogbo wọn dúró, wọ́n tẹjú mọ́ páìpù náà bí ẹni ń retí ọkọ̀. Kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan. Tó! Ẹ̀kán kan bọ́. Tó! Òmíràn tẹ̀ lé e. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sun tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ó ń tọ̀!" Ìyá pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. "Ẹ wò ó, ó ń tọ̀!"

Ayọ̀ dé, ṣùgbọ́n Sátidé náà ń bọ̀. Ọ̀dà kọfí wà nínú korobá, ó ti ṣí i, ó ti rò ó. Bó bá kun ògiri nísinsìnyí, tó fín lọ́fíńdà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bá yàrá tó ń dán lọ́la. Bí kò bá kùn ún, ògiri oníhòòhò ló máa bá, nílé akùnlé. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó gbé e sókè, ọ̀dà ń kán. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sọ̀rọ̀. Ó wo ibi tí ìléròrò náà ti bẹ́, ó rí bí ohun dúdú ṣe yọ̀ ṣìnkìn lábẹ́ ọ̀dà tí òun fúnra rẹ̀ fi bò ó, bí ọmọ tí wọ́n bo aṣọ fún kó má tutù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó da búrọ́ọ̀ṣì padà sínú korobá, ó de ìdérí rẹ̀.

Wọ́n gbé ibùsùn ìyá lọ sí pálọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, wọ́n fi aṣọ di imú. Ó wọ́n omi sí ògiri kí èso ohun náà má bàa fò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í há a. Ọ̀dà elépo ń ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀dà tó ki tẹ̀ lé e, àwọ̀ ìbẹ́pẹ tẹ̀ lé e, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń wó lulẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ ògiri náà, ó ṣàn án, ó wá fi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun pa á. Wọ́n ju ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó ti bu nù. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ògiri náà wà níhòòhò, eérú-eérú, ó ní àpá káàkiri.

Ẹ̀gbọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú àpò ńlá òfìfo lápá. Kò jókòó. Ó wọ yàrá lọ tààrà, ó sì dúró gbagidi.

"Ta ló bó ògiri yìí láṣọ?"

"Èmi ni, Àǹtí mi."

"Ìwọ akùnlé?"

"Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó máa gba ọjọ́ díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè. "Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ó wọ́! Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Ojú-Ìwọ̀n, o ò rí i ni?"

"Mo rí i, Àǹtí mi. Ibi tó yẹ kó wà nìyẹn."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tó dun òun láti sọ. Ẹ̀gbọ́n fi imú kan ògiri, ó fa òórùn rẹ̀. Ó fàtẹ́wọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹríba wo abẹ́ rẹ̀, ó jáde lọ síta lọ wo páìpù tó ń kán, ó padà wọlé.

"Màmá, ẹ húkọ́ lóru àná?"

"Díẹ̀," ni ìyá dáhùn láti pálọ̀. "Ìgbà tí mo rántí omi tó tú sójú àbúrò rẹ, tí ẹ̀rín pa mí."

Ẹnu ẹ̀gbọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ká a mọ́. "Pálọ̀ ni Màmá á máa sùn títí ògiri yìí á fi gbẹ. Mo máa wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Bó o bá kùn ún kí n tó dé, mo máa mọ̀."

"Ẹ ṣé, Àǹtí mi."

"Má dúpẹ́. Ìwọ kọ́ ni mo ṣe é fún." Ó sọ àpò rẹ̀ sápá, ó fẹ́ máa lọ.

"Dúró," ni ìyá wí. "Fi àpò yẹn sílẹ̀. Mo ní aṣọ ìdọ̀tí tí mo fẹ́ kó sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ṣe lọ lọ́wọ́ òfo. Ògiri gbẹ, ẹ̀gbọ́n wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní ó dáa, Ojú-Ìwọ̀n sì kùn ún ní ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ògiri mí. Ìyá ti padà sí yàrá rẹ̀, ikọ́ yẹn sì ti di ìtàn.

Ẹ̀yin náà, ẹ dìde báyìí! Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ amúlétutù nílé, ẹ tàn án, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ jáde lọ wo ẹnu páìpù rẹ̀. Ṣé ó ń kán àbí ó gbẹ? Bó bá gbẹ lọ́jọ́ tí ooru mú, tí afẹ́fẹ́ sì tutù nínú ilé, ẹ wọlé padà, ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù síwájú, ẹ fọwọ́ kan ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ lọ wò ó!